Orúkọ Tí Wọ́n Fò

Bíò ń tẹ ìwé ilẹ̀ ní Gárkì.
Nyáńyà ló ń gbé, yàrá kan, fèrèsé kan,
èmi ni ògiri kan ṣoṣo yà nípa pẹ̀lú rẹ̀.
Láàárọ̀ a jọ ń tò sídìí omi.
Lálẹ́, bí iná bá ti lọ,
mo máa ń gbọ́ baba rẹ̀ lórí fóònù:
ohùn àgbà, ó gbẹ bí awọ ewúrẹ́ tí a sá sórí òrùlé,
ó ń ka àwọn ọba Kúrúwà
láti orí ẹni tó fi ẹṣin márùn-ún tẹ̀dó
dé orí ẹni tó bá ọkọ̀ ẹrù ìjọba jáde nílùú.

Ìdílé wọn kì í roko.
Ààfin ló ń bọ́ wọn: màlúù kan lọ́dún,
ọkà bàbà ẹ̀kún àká méjì,
àti aṣọ tí ọba bá wọ̀ lọ́jọ́ ìwúyè.
Ẹnu ni wọ́n fi ń san án padà.
Wọ̀rú gbà á lọ́wọ́ baba rẹ̀,
baba rẹ̀ gbà á lọ́wọ́ ẹni tó bí i,
báyìí báyìí, títí dé ibi tí ojú kò tó mọ́.

Wọ́n á ti ọmọ ọdún méje mọ́ yàrá tó ṣú,
wọ́n á dá a dùbúlẹ̀, wọ́n á gbé òkúta lé e láyà,
kó lè mọ̀ pé orúkọ ẹni ẹlẹ́ni wúwo.
Bó bá ṣi ẹyọ kan, oúnjẹ di ọ̀la.
Bíò ń rẹ́rìn-ín bó ti ń sọ ọ́ fún mi,
ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ wà láyà.

Nígbà tí wọ́n máa sé odò Ọya ní Káínjì
akọ̀wé kan gbé ìwé ńlá dé Kúrúwà.
Ilé mélòó? Igi òrí mélòó?
Ó kọ ilẹ̀kùn. Ó kọ adìyẹ,
àtèyí tó ń sàba lọ́wọ́.
Ó kan Wọ̀rú. "Ẹrù tìrẹ dà?"
Wọ̀rú lanu.
Akọ̀wé yọjú wo inú rẹ̀ dáadáa,
ó rí eyín tí obì ti pọ́n, ó rí ahọ́n,
ó kọ ọ́ sílẹ̀: Òfo.

Wọ́n san owó igi. Wọ́n san owó adìyẹ.

Lálẹ́ ọjọ́ Jímọ̀ kan tí òjò dí wa mọ́lé
mo ń fi ìka ka àwọn ọba náà bí fóònù ti ń pè wọ́n.
Ọmọ aláṣọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni mí, ìṣirò kì í sú mi.
"Ogún ọba la jókòó tì," Wọ̀rú ló fi bẹ̀rẹ̀.
Mọ́kàndínlógún ni mo kà.

Mo kan ògiri. Bíò dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀.
"Ọ̀kan wà láàárín ẹ̀kẹjọ àti ẹ̀kẹwàá.
Ó gba màlúù wa padà, abo ni, ó lóyún.
Baba wa ìgbà náà kò bú u, kò gégùn-ún.
Ó dé ibẹ̀, ó kàn mí."

Ọdún méjìlélógún lórí ìtẹ́,
kànga tó gbẹ́, ogun tó ṣẹ́,
ọmọ bí eésú: èémí kan péré.

"Ìwọ ńkọ́, o mọ orúkọ rẹ̀?"
"Òun ni wọ́n kọ́ mi kẹ́yìn,
lẹ́yìn tí wọ́n gbé òkúta kúrò.
Ohun tí o kò bá mọ̀, báwo lo ṣe máa fò ó?"
Kò sọ ọ́. N kò tún bèèrè.

Ẹja ló ń gba ẹnu ọ̀nà ààfin kọjá báyìí.
Wọ̀rú sì ti di arúgbó.
Ó ń mí lẹ́yìn ọba kẹta,
ó ń mí láàárín orúkọ ẹyọ kan,
ó wúkọ́, ó sinmi, ó tún bẹ̀rẹ̀.
Bíò yóò ká fóònù mọ́ etí nínú òkùnkùn,
yóò máa ṣà wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan:
èyí, ikọ́ ni.
Èyí, àárẹ̀.
Èyí...