Ọbẹ̀ Tí Kò Balẹ̀

Aṣọ ìbùsùn mi ni wọ́n yá,
funfun kan báyìí tí ìyá mi dì sínú ẹrù ìyàwó,
tó ní àlẹ̀mọ́ kékeré létí ọ̀tún,
ibi tí áyọ́ọ̀nù ti jó o lọ́dún tí mo bí Òjélàdé.
Pẹ̀lúmi ọmọ tíṣà ló wá tọrọ rẹ̀:
"Ìyá Òjélàdé, a fẹ́ fi wo sinimá ni."
Mo ní kó má jẹ́ kó kan ilẹ̀.

Ara ògiri ilé-ìwé Onítẹ̀bọmi, ní Ìsàlẹ̀ Àfọ̀n,
ni wọ́n kàn án mọ́, ìṣó mẹ́fà.
Ìgbà káṣú ni; òórùn èso tó ti rà
gba gbogbo pápá, eṣinṣin kò lọ sùn.
Jẹnẹrétọ̀ ń wúkọ́ bí àgbà tó fa tábà.
Ọkọ mi gbé àga tirẹ̀ síwájú pátápátá.
Àwa obìnrin jókòó sórí bẹ́ǹṣì lẹ́yìn,
kò sẹ́ni tó ní ká jókòó síbẹ̀.

Nínú sinimá náà, obìnrin kan ti ibi iṣẹ́ dé,
ọkọ rẹ̀ náà ti ibi iṣẹ́ dé.
Ọkùnrin bọ́ bàtà, ó na ẹsẹ̀.
Obìnrin kò ráyè bọ́ bàtà, ó dáná.
Oúnjẹ dé iwájú ọkọ, ó ní ọbẹ̀ ti tutù,
ó gbé àwo, ó dà á nù.
Ni gbogbo pápá bá bú sẹ́rìn-ín.
Èmi náà rẹ́rìn-ín, n kò ní purọ́.
Ẹ̀rín yẹn mọ ọ̀nà ẹnu mi, ó ti ń gbabẹ̀ tipẹ́.

Ìgbà náà ni Pẹ̀lúmi tẹ nǹkan kan.
Àwòrán dúró gbagidi.
Ọbẹ̀ wà lófuurufú,
ó na ìka pupa márùn-ún lórí aṣọ mi,
kò lè lọ sókè, kò lè balẹ̀.
Ọmọbìnrin náà kò wàásù.
Ó kàn béèrè pé, "Ta ni yóò nu ilẹ̀?"

Ọmọdé kan níwájú ló dáhùn, kíá,
bí ẹni dáhùn ìṣirò: "Màmá ni!"
A tún rẹ́rìn-ín, àmọ́ ẹ̀rín yìí kúrú,
ó já bí okùn tó ti gbó.

Gbádégẹṣin káfíńtà dìde,
ó ní ọkọ lolórí aya, bẹ́ẹ̀ la ṣe bá a.
Ìyá arúgbó Ọyátóògùn, tí kì í sọ̀rọ̀ ní gbangba,
ní, "Orí dára. Orí wo ló wá ń da omi gbígbóná
sí ẹsẹ̀ tó ń gbé e rìn?"
Ariwo ta. Ẹnìkan ní sinimá òyìnbó ló ń ba obìnrin jẹ́.
Ẹlòmíì ní, "Yorùbá ni wọ́n ń sọ níbẹ̀ kẹ̀!"

Mopélọ́lá, tó ń ta káàdì fóònù lójú ọ̀nà Tákìé,
sọ tirẹ̀ jẹ́ẹ́, kò tilẹ̀ dìde:
"Èmi ni mo ṣe ipò kìíní.
Àbúrò mi ọkùnrin ni wọ́n ra fọ́ọ̀mù fún."
Bàbá rẹ̀ wà níbẹ̀, lẹ́yìn igi máńgòrò.
Ó ní, "Owó ẹnìkan ló wà nílé."
Ọmọ rẹ̀ ní, "Mo mọ̀, Bàbá. Èmi náà jẹ́ ẹnìkan."

N kò mọ bí a ṣe pẹ́ tó nínú ìdákẹ́jẹ́ yẹn.
Epo tán nínú jẹnẹrétọ̀.
Òkùnkùn gbé ọbẹ̀ náà mì.
A kò rí ìparí sinimá,
ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó dìde.
Ohùn ń rìn láìsí ojú,
títí kan ohùn ọkùnrin kan tí n kò dá mọ̀,
tó ní, "Lóòótọ́, èmi náà ti dà á nù rí."

Nílé, mo fi tọ́ọ̀ṣì yẹ aṣọ mi wò.
Ihò ìṣó mẹ́fà. Eruku. Kò sí ọbẹ̀.
Mo tẹ́ ẹ padà sórí ibùsùn.
Ọkọ mi jókòó sí etí rẹ̀
bí ẹni tó wá kí aláìsàn,
kò tètè dùbúlẹ̀.
"Ìyá Òjélàdé,
ṣé ọbẹ̀ yẹn padà balẹ̀?"

Mo ní n kò mọ̀.
Mo bọ́ bàtà mi,
mo na ẹsẹ̀.