Òjìji Abẹ́ Tábìlì

Kálẹ́ńdà àtijọ́ ni Bùrọ̀dá Ọlọ́runtọ́ba kàn mọ́ ògiri:
obìnrin òyìnbó kan nínú yàrá, ó ń ka lẹ́tà,
ìmọ́lẹ̀ ń gba ojú fèrèsé wọlé bọ̀ wá bá a.
"Dà á kọ. Má fi tìrẹ kún un."

Àràárọ̀ ni mò ń kí i, "Òkun o," kí n tó mú búrọ́ọ̀ṣì.
Ọ̀dà olóròró kì í tètè gbẹ;
ọyẹ́ Mọ́pà ń bu erùpẹ̀ lù ú,
nígbà tó fi di ọjọ́ kẹta
obìnrin náà ti hu irùngbọ̀n.

Mo kun abẹ́ tábìlì, ó dú kirikiri.
Bùrọ̀dá fi àkísà oníkẹrosínì nù ún kúrò.
"Níbo lo ti rí òjìji dúdú rí?"
Ó ṣí ilẹ̀kùn ilé ìdáná ìyá wa.
Lẹ́yìn ìkòkò, lábẹ́ àpótí,
ẹ̀lú wà níbẹ̀, àwọ̀ obì wà níbẹ̀,
àti pupa díẹ̀ tí n kò mọ ibi tó ti wá.
Ogún ọdún ni mo fi jẹun níbẹ̀.

Ọwọ́ òsì ló kù. Ó kọ̀, kò yá.
Mo fi aṣọ bò ó.
Bùrọ̀dá wò ó títí:
"O ti gé e lọ́wọ́.
Kí ni kó fi di lẹ́tà mú?"