Ó Di Sátidé

Ìgbà tí wọ́n ń kọ ebè ni mo ti fi wọ́n sílẹ̀ níbẹ̀,
àwọn akọni mẹ́rin lórí afárá olókùn,
níwájú ibodè ìlú tí n kò tíì sọ orúkọ rẹ̀ fẹ́nì kan.
Oníbodè gbé àtùpà sókè, ó ní:
"Ẹ̀yin mẹ́ta ló ń sọ̀rọ̀. Ta ni ẹni kẹrin?"
Ibẹ̀ ni iná ti lọ ní Bàsírì.
Mojírádé wo aago, ó ní iṣẹ́ alẹ́ ń dúró de òun ní ọsibítù.
A ní ó di Sátidé.

Iṣu tuntun ti jáde báyìí.
Ìyá mi ti gún uyán rẹ̀, a ti jẹ ẹ́, a ti mumi sí i.
Àwọn akọni mi kò tíì fẹnu kan nǹkan kan.

Sátidé yẹn, wọ́n ń sìnkú àna Fámúrewá ní Ìlawẹ̀.
Èyí tó tẹ̀lé e, ìmọ́tótó àyíká ni:
kó tó di aago mẹ́wàá, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ rìn,
ìgbà tí ọ̀nà sì ṣí, òjò dé, òun kò gbàṣẹ lọ́wọ́ ìjọba.
Lẹ́yìn ìyẹn, ìdánwò. Tíṣà ni Bámitálẹ̀ ní Ìyìn,
ìwé ọgọ́fà ọmọ ló kó sórí orúnkún,
ó ní bí òun bá tún ka ìdáhùn kan sí i lórí ìmí ẹja
òun yóò bẹ́ sódò lábẹ́ afárá mi.
Ìbùkúnolú ńkọ́? Àgùnbánirọ̀ ni, ó wà ní Sókótó.
Akọni rẹ̀ ń tẹ̀ lé wa láìfọhùn,
bí ẹrù tí wọ́n ní ká bá wọn gbà pamọ́.

Mo sọ kàlẹ́ńdà ìjọ kalẹ̀ lára ògiri.
Bíró pupa fún ọjọ́ iṣẹ́ Mojírádé,
àwọ̀ ewé fún ọjọ́ tí Fámúrewá ń da kọnkéré,
dúdú fún tíṣà.
Nígbà tí mo fi parí, kò sí ibi funfun kan lára oṣù Keje
àfi eyín bíṣọ́ọ̀bù tó ń rẹ́rìn-ín lókè.

Àgbà ní ogún ọmọdé kì í ṣeré gba ogún ọdún.
Mo gbọ́.
Ṣé mo bèèrè ogún ọdún ni?
Àwa márùn-ún. Wákàtí mẹ́ta.
Ogún kan ṣoṣo tó wà láàrin wa ni dáìsì olójú ogún
tí káfíńtà Òkè-Ìlá gbẹ́ fún mi, tó bú mi lé e lórí,
tó wọ́ díẹ̀, tó fẹ́ràn ẹẹ́tàdínlógún ju bó ti yẹ lọ.

Ó wá di Ọjọ́bọ̀ kan, láìròtẹ́lẹ̀.
Ẹ̀rọ kọnkéré bàjẹ́. Ẹnì kan bá Mojírádé pààrọ̀ iṣẹ́.
Ilé ìwé ti gba ìsinmi. Ìbùkúnolú sọ̀ kalẹ̀ ní gáréèjì
pẹ̀lú eruku Sókótó lára báàgì.
Gbogbo wọn jókòó sẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù fọ́tòkọ́pì mi,
wọ́n tan ẹ̀rọ ìmọ́lẹ̀, wọ́n pè mí.

Ìkọ̀lé ni mo wà.
Mo dọ̀bálẹ̀ sábẹ́ ọkọ̀ ẹ̀gbọ́n bàbá mi,
mo ń tan tọ́ọ̀ṣì fún mẹkáníìkì.
Mo gbọ́ ohùn ara mi tó ń sọ ọ́,
ọ̀rọ̀ tí mo ti fi lu wọ́n lóṣù mẹ́rin:
"Ẹ jọ̀ọ́, n kò ráyè."

Ìdákẹ́jẹ́ díẹ̀. Lẹ́yìn náà mo gbọ́ igi tó ń yí lórí tábìlì,
ó yí, ó yí, ó dúró,
wọ́n hó yèè.
Ohùn kan tí n kò tíì gbọ́ látọdún tó kọjá, Ìbùkúnolú, ó ní:
"A ti dá oníbodè rẹ lóhùn."
Mo ní, kí lẹ sọ fún un?
Wọ́n ń rẹ́rìn-ín.
Wọ́n ní ó di Sátidé.