Bírò Pupa

Ní Adéọ̀yọ́, lọ́jọ́ tí mo lọ forúkọ sílẹ̀,
Nọ́ọ̀sì Àtọ́kẹ́ ní kí n bọ́ bàtà, kí n fẹ̀yìn ti ògiri.
Ó wọn gíga mi, ó wò ó, ó tún un wò,
ó fi bírò pupa kọ ọ́ sínú káàdì.
Ó bi mí léèrè ọjọ́ orí. Mo ní mẹ́tàdínlógójì.
Ó tún fi pupa kọ ọ́.
"Oyún kelòó nìyí?" Àkọ́kọ́ ni, mà.
Kò sọ̀rọ̀. Ó kàn fa ìlà sí i nídìí,
bí ìṣirò tí olùkọ́ fagi lé.

Ilé ẹ̀kọ́ gba ọdún lọ́wọ́ mi,
àìsàn bàbá mi gba ọdún kan,
ọkùnrin kan ní Mọ́níyà gba mẹ́rin, kò dá ọ̀kan padà.
Ìyá tó bí mi kúrú, ìyá tó bí i kúrú.
Ta ni kí n lọ bá jà?

"Gbọ́ mi," Àtọ́kẹ́ wí, "pupa kì í ṣe ẹ̀sùn.
Ẹni tó mọ̀ pé afárá òun tẹ́ẹ́rẹ́
kì í dúró kí Ògùnpa kún
kó tó wá ọ̀nà mìíràn.
Má bímọ nílé. Bí orí bá ń fọ́ ọ, tí ojú ń ṣe bàìbàì,
má dúró de ọkọ."

Ní sọ́ọ̀ṣì, wọ́n gbọ́wọ́ lé mi níkùn:
"Bí obìnrin Hébérù lo ó ṣe bí, abẹ ò ní kàn ọ́!"
Àmín tèmi ló ròkè jù.
Ìyá Kúdẹtì, ìyá ọkọ mi, kò ṣe àmín.
Mo rí i. Mo sì fi í sínú.

Ọ̀sẹ̀ kọkànlélógójì pé, ọmọ ò dá wa lóhùn.
Wọ́n fa omi sí mi lápá kí ìrọbí lè bẹ̀rẹ̀.
Ó bẹ̀rẹ̀. Ó dé ìka mẹ́rin, ó jókòó síbẹ̀
bí onígbèsè tó gbóhùn olówó rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà.
Aago mẹ́jọ alẹ́, ìka mẹ́rin.
Aago mẹ́sàn-án òwúrọ̀, ìka mẹ́rin.
Ọmọ tóbi, ọ̀nà kéré,
ọkàn rẹ̀ sì ń falẹ̀ nínú ẹ̀rọ tí wọ́n gbé lé mi níkùn:
kú-pù, kú-pù, kú…
pù.
Dókítà gbé ìwé wá.
Ọláníyọnu ní kí òun kọ́kọ́ pe pásítọ̀ ná.
Mo gba bírò. Pupa ni.
Èmi ni mo fọwọ́ sí i.

Wọ́n gún mi lẹ́yìn, ẹsẹ̀ mi di ti ẹlòmíràn.
Irin ń dún nínú abọ́. Ẹnìkan ń sọ
pé òjò ti ṣú lórí Yemẹtu, aṣọ òun wà níta.
Lẹ́yìn náà, ẹkún.

Àwọn ará ilé Òkè-Àdó kí mi kú ewu,
wọ́n wá rẹ ohùn sílẹ̀ nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀:
"Ṣé òun fúnra rẹ̀ ló bí i?"
Bẹ́ẹ̀ ni mò ń fọwọ́ di ìsàlẹ̀ ikùn mú
bí ẹrù tí okùn rẹ̀ fẹ́ já
kí n tó lè rẹ́rìn-ín sí wọn.

Ìyá Kúdẹtì wá wẹ ọmọ. Ó ní kí òun rí ojú àpá.
Ìka rẹ̀ tọ̀ ọ́ láti ọ̀tún dé òsì, kò fara kàn mí.
"Kò ju báyìí lọ?"
Ó pẹ́ kó tó tún lanu.
"Ẹnìkan wà ṣáájú ọkọ rẹ.
Ọjọ́ mẹ́ta, nílé agbẹ̀bí kan létí odò.
Mo kúrú bíi tìẹ. Wọ́n ń ṣe àmín.
Obìnrin ni.
Èmi ò ní àpá kankan."

Ó ki ìgbọ̀nwọ́ bọ inú báàfù, ó na ọwọ́ sí Ìbídùn.
"Gbé e wá," ó ní, "omi ń tutù lọ."