Òpó Karùndínlọ́gọ́rin

Àádọ́rùn-ún òpó ni mo ti gùn lójú ọ̀nà yìí,
láti ilé iná ní Quemchi
títí dé etíkun Punta Huilqui,
níbi tí erékùṣù Chiloé ti ń fi ẹsẹ̀ tọ́ omi tútù wò.
Mo mọ̀ wọ́n bí ìyá ṣe ń mọ eyín ọmọ:
èyí tó ń mì, èyí tó ti ń jẹrà,
èyí tí òjò ti sọ di ilé olú.

Lẹ́nu ilé iná, gílóòbù ń tàn yòò.
Ní òpó ogún, ó ṣì ń tàn.
Ní òpó àádọ́ta, o lè kàwé, bí lẹ́tà rẹ̀ bá tóbi.
Ní òpó àádọ́rùn-ún, ó pọ́n bí ojú ẹni tó sunkún sùn;
a ní láti tan àbẹ́là ká tó rí i.

Wáyà ló ń jẹ ẹ́ lọ́nà.
Iná tí a rán níṣẹ́ ọ̀nà jíjìn á gbóná, á làágùn,
á fi ara rẹ̀ ṣòfò fún ẹyẹ tó bà lé e.
Bí ẹrù rẹ̀ bá di méjì, òfò kì í di méjì,
mẹ́rin ló ń dà.
Yasna Huenteo ló kọ́ mi ní ìṣirò yẹn,
ẹnjiníà, ọmọ ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n,
tó ń fi bírò kọ nọ́ńbà sí ẹ̀yìn ọwọ́.

Ọdún tí ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù wa fẹ́ ra jẹnẹrétọ̀,
alága wa, Don Heriberto, ti kun ògiri sílẹ̀ lẹ́nu ilé iná:
“Ibí ni ká gbé e sí, kí àlejò lè rí i.
Ẹgbẹ̀ta kíláwọ́ọ̀tì. Ohun ńlá ló yẹ wá.”
Yasna ní: “Bàbá, ẹnìkan kì í gbé oúnjẹ síwájú ẹni tó yó,
kó ní òun ti bọ́ ẹni tó wà lẹ́yìn.
Gbogbo ilé wa pọ̀, ọ̀ọ́dúnrún la ń jẹ.
Bí ẹ bá da ẹgbẹ̀ta sínú wáyà lóru, tí gbogbo ayé ti sùn,
èyí tó ṣẹ́kù á padà sẹ́yìn,
fóòlítì á gòkè, firíìjì á jóná.
Ìwọ̀n eku nìwọ̀n ìtẹ́ rẹ̀.”

Òfin àtijọ́ kan wà, ó kà á fún wa:
pín ọ̀nà sí mẹ́ta, rin méjì, dúró;
pín ẹrù sí mẹ́ta, gbé méjì, ó tó.
Igba kíláwọ́ọ̀tì, ní òpó ọgọ́ta.
Kọ̀ǹpútà náà ní bẹ́ẹ̀ ni.

A ti gbẹ́ ihò. Mo ti ru sìmẹ́ńtì débẹ̀ nínú òjò
(òjò ibí kì í rọ̀, ńṣe ló ń gbé ibẹ̀)
nígbà tí Clorinda Millalonco dínà mọ́ wa,
ẹni àádọ́rin ọdún, bàtà rọ́bà, òórùn èéfín lára:
“Ta ló sọ fún ìwé yín pé bákan náà la ń jẹ?
Láti ọgọ́ta dé àádọ́rin, àgùntàn ló ń gbé ibẹ̀.
Àgùntàn kì í tan iná.
Òpó karùndínlọ́gọ́rin ni yàrá yìnyín ẹja wa wà.
Bí ọkọ̀ ojú omi bá gúnlẹ̀ nírọ̀lẹ́,
mọ́tò mẹ́ta ló ń jí lẹ́ẹ̀kan.
Ìgbà yẹn gan-an ni iná àwọn ọmọ tó ń kàwé ń kú.”
Ó fa kàlẹ́ńdà ọdún mọ́kànlá yọ nínú àpò ìyẹ̀fun,
gbogbo alẹ́ òkùnkùn, òbìrìkìtì èédú kan.

Yasna ò jiyàn.
Ó jókòó sórí àpò sìmẹ́ńtì, ó ń ka èédú títí ilẹ̀ fi ṣú.
Lọ́jọ́ kejì, ìṣirò yí padà: òpó karùndínlọ́gọ́rin,
ọgọ́sàn-án kíláwọ́ọ̀tì.

Ihò òpó ọgọ́ta ṣì wà níbẹ̀. Omi kún un.
Àgùntàn ń mu ún.
Don Heriberto ò tíì kí mi.
Lọ́dún tó kọjá, òbìrìkìtì mẹ́ta péré
ló wà lára kàlẹ́ńdà Clorinda.
Ó ń bi mí léèrè nípa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.