Òpó Kẹrin

Aago méjì òru ní Narin.
Òjò dídì ń bọ́ láìpariwo,
bí ẹni tó ń yọ́ wọlé.
Begimai jókòó ti kọ̀ǹpútà,
ìbọ̀sẹ̀ méjì lórí ara wọn, tíì rẹ̀ ti tutù.

Igba ìlà ló wà nínú fáìlì:
orúkọ abúlé, ọjọ́, ẹni tó wọ̀n ọ́n,
òpó kẹrin ni bí òjò dídì ṣe ga tó.
Ó ní kí ẹ̀rọ fi òpó kẹrin tò wọ́n,
kí èyí tó ga jù ṣíwájú,
kí katakata lè mọ ibi tí yóò kọ́kọ́ yà sí.

Ẹ̀rọ tò ó, kíá.
9 gorí àtẹ, 87 tẹ̀ lé e,
112 wà nísàlẹ̀ pátápátá.

Tash-Kapka ni 112.
Ìyá ìyá rẹ̀ ń bẹ níbẹ̀,
ó pè nírọ̀lẹ́:
ilẹ̀kùn ò ṣí mọ́, ojú fèrèsé lòun ń gbà bu omi.

Begimai tún un wò.
Háà. Ó ka iye bí ẹni ka a, b, d!
Ení ló rí níwájú 112, ó ní kékeré ni.
Ẹ má bá ẹ̀rọ wí,
iṣẹ́ tí a rán an ló jẹ́.

Ó fi ọ̀rọ̀ kan kún àṣẹ náà:
nọ́ńbà ni.
Tash-Kapka fò sókè.

Ó pe Joomart, awakọ̀, lórí ibùsùn.
Tíì ńkọ́?
Ó mu ún bẹ́ẹ̀.