Mọ́ínmọ́ín Tí Kò Gba Ẹ̀mí

Láti àná ni mo ti ń bó ẹ̀wà.
Ìka mi hunjọ bíi ti ọmọ tó pẹ́ lódò.
Èèpo léfòó, mo dà á nù, òmíràn tún léfòó.
Níta, yìnyín ń bọ́; òtútù Saskatúùnù
kì í kan ilẹ̀kùn kó tó wọlé.

Ewé eéran kò sí níhìn-ín.
Ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ ni mo rí rà, ó dì gbagidi bíi pákó,
lọ́wọ́ ará Filipíìnì tó ń tajà lẹ́yìn báńkì.
Mo fi í yáná díẹ̀díẹ̀
títí ó fi rántí bí ewé ṣe ń ká.

Ẹlẹ́mìí méje ni ìyá mi máa ń sè:
ẹyin, ẹja, edé, ẹran inú agolo,
ó ń kà wọ́n bí ẹni ń ka ọmọ tó bí.
Ọdún kẹta rèé tí n kò ti jẹ ohun tó lójú.
Ẹ̀wà nìkan ni olójú tí mo ṣì ń jẹ,
òun náà, mo kọ́kọ́ bó ojú rẹ̀ kúrò.

Olú rọ́pò ẹja. Irú rọ́pò gbogbo ìyókù,
irú náà ló sì tú mi láṣìírí nínú bọ́ọ̀sì:
ọkùnrin kan wo abẹ́ bàtà ara rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì.
Mo gbé ìkòkò lé itan, mo fi táwẹ̀lì wé e
bí ọmọ tuntun tó ń lọ gba abẹ́rẹ́.

Nísàlẹ̀ ṣọ́ọ̀ṣì, tábìlì gùn bí ọ̀rọ̀ alága.
Tòlótòló wà láàárín, ó na ẹsẹ̀ méjèèjì sókè.
Wàràkàṣì wà lórí gbogbo nǹkan,
àní lórí ọ̀dùnkún.
Wọ́n ní kí kálukú kọ ohun tó fi se oúnjẹ rẹ̀.
Mo kọ ẹ̀wà, ata, àlùbọ́sà, òróró, olú, iyọ̀.
Irú, mo kọ ọ́ ní irú. Kí wọ́n bi mí.

Bọ̀ọ̀dá Ọláṣùpọ̀ kà á, ó rẹ́rìn-ín dé èrìgì:
“Ìbídùn, ṣé ewúrẹ́ lo dà ni?
Kérésì rèé, o gbé ààwẹ̀ wá!”
N kò fèsì. Mo ń to ewé mi.

Ìyá àgbà kan, Hálínà, fi ọ̀pá tẹlẹ̀ wá.
Ó ní nílé ìyá òun ní Yukiréènì,
lálẹ́ tí ọ̀la jẹ́ Kérésì, oúnjẹ méjìlá ni,
kò sí ẹran nínú ọ̀kankan,
wọ́n á sì fi àga kan sílẹ̀ fún òkú ilé.
Ó tú ewé. Ooru bo gíláàsì ojú rẹ̀.
Ó jẹ mẹ́ta, kò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ mọ́.

Nígbà tí mo lọ mú kóòtù, ó ku ẹyọ kan.
Nígbà tí mo dé, ewé rẹ̀ nìkan ló kù,
lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwo Bọ̀ọ̀dá Ọláṣùpọ̀,
ó mọ́ bí ìgbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀ ọ́.

Ìyá mi pè mí nínú bọ́ọ̀sì:
“Ẹlẹ́mìí mélòó lo sè?”
Mo ní, “Màmá, gbogbo wọn ṣì wà láàyè.”
Ó dákẹ́. Mo gbọ́ àkùkọ kan lẹ́yìn rẹ̀.
“Ó dáa,” ó ní. “Ṣùgbọ́n ṣé ó dùn?”